Àtẹ́lẹwọ́ Bàámi àti táyà 17 psi

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé táyà slick, táyà eré ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, dé ṣọ́ọ̀bù Bàámi ní Ìdí-Orò, ní Mushin, wọn ò béèrè iye tí mo rà á. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n tì í, ó sì jìn wọnú bí ìrọ̀rí. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ ò sí nínú eléyìí."

"Ó wà níbẹ̀, Bàámi. 17 ni mo fi sí i. Bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn, ẹ má bínú."

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n tún tì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí wọ́n tó bí mi ni Bàámi ti ń ṣe fọkanáísà. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń yà sọ́dọ̀ wọn: Corolla á gba 32 psi, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ lórí géèjì, dáńfó tó fẹ́ kó èrò kún á gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, típà tirẹ̀ ò ṣeé fi wé wọn rárá. Lọ́dọ̀ wọn, táyà tó bá wà ní 17, ìṣó ló wà lára rẹ̀, kí wọ́n wá ìṣó ọ̀hún rí ló kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá wọn ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Àlàyé yẹn gan-an ló jẹ́ kí èmi náà mọ ohun tí mò ń ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó ń bi mí léèrè pé táyà wo ni kí àwọn rà fún eré drag, eré tí ọkọ̀ ń sá tààrà lórí ọ̀nà kúkúrú, orúkọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi, ilẹ̀ ni mo máa ń bi wọ́n. Ilẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi í sáré lórí rẹ̀? Ilẹ̀ ló ń yan táyà. Àpò owó yín ń bọ̀ lẹ́yìn.

V-boot àbúrò mi ọkùnrin la fi ń sáré, Mercedes 300E, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà tí òun àti mẹkáníìkì rẹ̀ ti gbé tọ́bò lé, jíà rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀tọ́mátíìkì. Òun ló ń wà á. Èmi tí mo ka mechanical ní Yábàtẹ́ẹ̀kì, tí mo sì dàgbà láàárín táyà, ohun tó bá fara kan ilẹ̀ ni tèmi: táyà, ríìmù, bóòtì, afẹ́fẹ́. A kì í sáré lójú títì ìjọba. Third Mainland gùn tó kìlómítà 11.8, ó sì ń dá lóru. Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ̀dọ́ tó bá wò ó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí tọ́rótù. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíì ló ń gba ibẹ̀ lọ sílé. Ẹni tó bá fi eré orí afárá lọ̀ mí, mi ò ní gbé géèjì mi jáde fún un. Títì inú estate kan lápá Erékùṣù la ń lò, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì kó sí, ẹni tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí i, a ń dí ẹnu ọ̀nà méjèèjì, ọkọ̀ aláìsàn sì ń dúró. Mítà 402 la ń sá, ìyẹn ìdá mẹ́rin máìlì, ọ̀nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ sì kù níwájú fún bíréèkì.

Ẹ wá wo ilẹ̀ yẹn. Ọ̀dà dáadáa ni, kò ní kòtò, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkun ń kó iyanrìn wẹ́wẹ́ bò ó. Tí a bá gbá a tán láàárọ̀, nígbà tó bá máa fi di ọ̀sán, ẹ fi ìka nù ún, ẹ ó rí i. Lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ NHRA ti ń ṣètò eré yìí láti 1951, wọ́n ń wọ́n oògùn alẹ̀mọ́ sórí ọ̀nà, wọ́n sì ń wọ́ rọ́bà lé e lórí títí yóò fi máa fà bí àtè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston sọ fún mi pé bàtà òun fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí òun fẹsẹ̀ rìn ín. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tó wọ radial 315/60R15 (irú táyà tí mo máa ṣàlàyé níwájú; 315 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 15 ni ríìmù rẹ̀ ní ínǹṣì) ti ń sá ìdá mẹ́jọ máìlì, mítà 201, láìpé ìṣẹ́jú-àáyá 4. Ẹni tó bá wo fídíò wọn, tó wá ra táyà wọn wá sórí iyanrìn wa, tó sì fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wọn sí i, èéfín nìkan ló máa rí.

Kí n tó mọ èyí, mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Lọ́jà kan, mo rí táyà drag tòkunbọ̀ méjì tí ojú wọn ṣì kún. Inú mi dùn dé bi pé mi ò wo déètì. Ìgbà tí mo délé ni mo tó nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí mo rí 1408: ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2008. Rọ́bà náà ti gan. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò jìn rárá. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà nìyẹn, méjì àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e ọdún. Ẹni tó tà á fún mi mọ̀, ó sì gba owó mi. Ó dùn mí gan-an, nítorí ọmọ fọkanáísà ni mí, kíkà nọ́ńbà yẹn sì wà lára ohun tí Bàámi kọ́kọ́ kọ́ mi. Táyà lásán tó ti lo ọdún púpọ̀ lè ṣì gbé yín dé Yábàá. Táyà drag tó ti gan ti kú, bí ojú rẹ̀ ṣe wù kó kún tó, torí rírọ̀ rẹ̀ gan-an lẹ fi owó rà.

Ọ̀rọ̀ radial àti ìkejì rẹ̀, Bàámi ló là á yé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò rí eré drag rí. Mo ní mo fẹ́ mọ ìdí tí àwọn kan fi ń pariwo pé bias ló dára, tí àwọn kan sì ń pariwo radial. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fa táyà típà kan jáde, táyà onínáílọ́ọ̀nù àtijọ́, wọ́n fi ayùn gé e. Wọ́n gé táyà Camry tó ti bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wò ó fúnra ẹ."

Nínú ti típà, okùn ń dàgẹ̀rẹ̀ láti etí kan sí ekejì, ìpele kan kọjú sí ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e kọjú sí òsì, wọ́n há ara wọn bí ẹní tí wọ́n hun. Bias nìyẹn, òun la ń pè ní onínáílọ́ọ̀nù. Nínú ti Camry, okùn lọ tààrà láti etí ríìmù dé etí ríìmù, bí ọwọ̀n ìgbálẹ̀ tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí wọn ká lábẹ́ ojú táyà, bí ọ̀já ṣe ń gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Radial nìyẹn.

Ibẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ wọn ti ń wá. Nígbà tí agbára ẹ́ńjìnnì bá dé lójijì, ẹ̀gbẹ́ slick onínáílọ́ọ̀nù á kọ́kọ́ ká bí aṣọ, á gbà á mọ́ra, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé e fún ilẹ̀. Bó bá tilẹ̀ yọ̀ díẹ̀, ó lè padà dì mú. Tí eré bá wá pọ̀, á wú, á ga sí i, ọkọ̀ á sì máa mì lápá ìparí. Radial kì í wú bẹ́ẹ̀, ọ̀já ò ní jẹ́. Ó ń yí fẹ́rẹ́, kì í jẹ agbára ẹ́ńjìnnì púpọ̀, ó sì ń dúró ṣinṣin. Ṣùgbọ́n kì í dárí jini. Tó bá ti já lórí ilẹ̀, ó ti já, kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò ló kù. Àbúrò mi kọ́kọ́ rò pé bí òun bá tẹra mọ́ tọ́rótù yóò dì padà. Ó tẹra mọ́ ọn títí ìdí ọkọ̀ fi yà sápá òsì, ọkàn mi sì fò sókè. Láti ọjọ́ náà ni a ti ní òfin: tí ó bá já, gbé ẹsẹ̀.

A mú radial nítorí jíà wa. Ọ̀tọ́mátíìkì kì í gbá táyà bí ìgbà tí èèyàn bá ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó ń tì í ni. Títì wa náà ò fẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun sì ń ti ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò fẹ́ ohun tí yóò máa mì nígbà tí àbúrò mi bá ń tẹ bíréèkì. Ká ní ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì ni, onínáílọ́ọ̀nù ni ǹ bá mú, tòun ti túúbù rẹ̀. Ẹ má sì da méjèèjì pọ̀ sórí ọkọ̀ kan. Ẹnìkan fẹ́ ta táyà tẹ́ẹ́rẹ́ onínáílọ́ọ̀nù fún wa pé ká fi síwájú kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Mo kọ̀. Bí ọ̀kan ṣe ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ ni èkejì ṣe ń tẹ̀, iwájú á máa lọ síbì kan, ẹ̀yìn á máa lọ síbòmíì. Radial ló wà níwájú V-boot wa, a sì ń fún un lọ́pọ̀ afẹ́fẹ́ láìkọjá iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kó lè máa yí láìfa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ra tuntun méjì ní Houston, 235/60R15, wọ́n bá àpótí ẹrù wá. Ihò omi díẹ̀ ló wà lójú wọn, ṣùgbọ́n slick ni gbogbo wa ń pè é. Kí n tó ní kó ra á, mo ṣe ìṣirò. Táyà tí V-boot ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, 195/65R15, ga ní nǹkan bí mìlímítà 634. Tuntun yìí jẹ́ 663. Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, àmọ́ kí ọkọ̀ tó sá mítà 402 tán, ti àtijọ́ á yí bí ìgbà 202, tuntun á yí bí ìgbà 193. Ìyẹn túmọ̀ sí pé jíà kìíní yóò gùn sí i, ọkọ̀ yóò sì lọ́ra díẹ̀ láti gbéra. Ó tẹ́ wa lọ́rùn bẹ́ẹ̀, torí agbára tó pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ló ń já radial lórí ilẹ̀ wa.

Ríìmù ló fún wa ní wàhálà. Ihò bóòtì Mercedes márùn-ún wà lórí òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 112, ọ̀pọ̀ ríìmù drag tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ kò sì bá a mu. Wẹ́dà kan ní kí n gbé ríìmù àtilẹ̀bá wá, òun á gé e láàárín, òun á jó irin mọ́ ọn kó fẹ̀ sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé ríìmù mi lọ. Oríta mélòó kan ni mo ti rí ríìmù tí wọ́n jó tó là sí méjì, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yìí sì jẹ́ ọmọ ìyá mi. Oṣù méjì la fi wá ríìmù 15 tó fẹ̀ ní ínǹṣì 8, a sì rí i. Kí a tó so ó, mo yọ sípíríǹgì ẹ̀yìn, mo fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè títí ó fi dé òpin, nítorí ìdí ọkọ̀ máa ń jókòó nígbà tó bá gbéra. Mo lẹ plasticine àwọn ọmọ ilé wa mọ́ abẹ́ etí irin lókè táyà. Apá ọ̀tún fi òǹtẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀. A ká etí irin náà mọ́ inú. Bóòtì rẹ̀, 110 Nm lórí spánà oníwọ̀n, mo sì máa ń tún un tẹ̀ lẹ́yìn eré àkọ́kọ́.

Bàámi fúnra wọn ló gbé táyà wọ ríìmù. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin. Ẹ̀gbẹ́ slick tinrin, irin ìtútáyà sì lè ya á. Ọṣẹ àti omi ni wọ́n lò, pẹ̀lú orúnkún wọn àti sùúrù. Kò sí epo, kò sí pé à ń tan iná sí i kó lè bú wọlé. Wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo dúró ti géèjì kó má ba à kọjá 40, títí etí méjèèjì fi ró "pọ̀!" "pọ̀!" Ibi tí èmi náà ti ní nǹkan sọ fún wọn ni pé ọṣẹ gbọ́dọ̀ gbẹ. A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ọṣẹ bá ṣì tutù lábẹ́ etí táyà, tí ẹ́ńjìnnì sì fa ríìmù lójijì, ríìmù á yí nínú táyà, táyà á dúró. Mo fi ẹfun fa ìlà kan láti ara ríìmù bọ́ sára táyà. Lẹ́yìn gbogbo eré, ìlà yẹn ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí ó bá ti yà sọ́tọ̀, ríìmù ti yọ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ. Géèjì fọkanáísà, pàápàá ti Bàámi tí mo fẹ́ràn, iṣẹ́ 30 sókè ló wà fún. Ní ìsàlẹ̀ 20, ó lè fi 2 tàbí 3 ṣì yín lọ́nà, bẹ́ẹ̀ lórí slick, 1 péré ń yí nǹkan padà. Ẹ ra géèjì tó parí sí 30, tó pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí ẹ sì máa lo géèjì kan ṣoṣo yẹn títí lọ. Ìwé mi rèé fún ọjọ́ Sátidé wa àkọ́kọ́, àkókò tí ọkọ̀ fi sá ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́, bí mítà 18, lórí ẹ̀rọ GPS kékeré: ní 22 psi, ìṣẹ́jú-àáyá 2.31. Ní 19, 2.18. Ní 17, 2.07. Ní 15, 2.09, àmọ́ àbúrò mi ní ìdí ọkọ̀ ń rìn gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́ lápá ìparí. A padà sí 17.

Nọ́ńbà nìkan ò tó. Mo ń rìn lọ wo ìlà dúdú tí táyà fà sílẹ̀. Ní 22, àárín ìlà dúdú kirikiri, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fúyẹ́: afẹ́fẹ́ pọ̀, àárín nìkan ló ń tẹ ilẹ̀. Ní 15, ẹ̀gbẹ́ ló dúdú. Ní 17, ó dọ́gba láti etí dé etí bí ẹni fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Mo ya fọ́tò ìlà yẹn lọ fún Bàámi. Wọ́n wò ó pẹ́. "Gbogbo ara ẹ̀ ló ń tẹ ilẹ̀." Ohun tí wọ́n sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ 17 sì parí láàárín wa.

Oòrùn Èkó ń ṣe tirẹ̀ náà. Táyà tí mo fún ní 16 ní ìdájí, nígbà tí ooru wà ní 25°C, tí ó bá gbóná dé 45°C lọ́sàn-án, á ti di 18 láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Èyí tó burú jù ni pé ọkọ̀ lè dúró kí oòrùn máa pa ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo: táyà òsì á ga ju ti ọ̀tún lọ, ọkọ̀ á sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá gbéra. A ń fi aṣọ funfun bo méjèèjì bí a bá ń dúró de ìpè, èmi á sì wọn wọ́n ní ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, kì í ṣe nílé.

A kò ní ibi omi bí tàwọn Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń rẹ táyà kí wọ́n tó yí i lójú kan kó lè gbóná, ohun tí a ń pè ní jíjó táyà. Píọ̀ wọ́tà la ń lò. Mẹ́ta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a da á sílẹ̀ níwájú, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń wọ̀ ọ́, iwájú gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Àbúrò mi á yí i kúrò nínú omi kó tó jó o, nítorí ihò tó wà lójú táyà máa ń gbé omi lọ sí orí ìlà. Ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí 3 ti tó fún radial, kó mọ́ kó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn èèyàn fẹ́ràn èéfín, wọ́n ń pariwo kó jó o sí i. Mo máa ń gbé ọwọ́ sókè, òun á sì dúró.

Bí a bá ń lọ tàbí bọ̀, inú búùtù V-boot ni slick méjèèjì ń wà, táyà lásán la fi ń gba Eko Bridge kọjá. Òjò lè bẹ̀rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà kí ẹ tó dé Ìjórà, slick lórí omi sì kì í mú nǹkan kan. Nílé, mo wé wọn sínú náílọ́ọ̀nù dúdú, mo gbé wọn sí yàrá mi. Ìyá mi ti bínú títí. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, jẹnẹrétọ̀ wà lápá kan, wẹ́dà wà lápá kejì, iná ẹ̀rọ tí wẹ́dà fi ń jó irin sì ń da ohun kan sínú afẹ́fẹ́ tó ń mú kí rọ́bà la, bí oòrùn náà ṣe ń ṣe é.

Ohun tó kù nílẹ̀ báyìí ni etí inú táyà òsì. Lẹ́yìn eré méjìdínlógún, ó ti ń jẹ ju etí òde lọ. Àbúrò mi ní ká pa á yí sí ọ̀tún. Bàámi ní rárá, kí n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wá kí àwọn wo apá tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, torí márùn-ún ni wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ V-boot, rọ́bà ọ̀kan nínú wọn lè ti já. Wọ́n ní ká wá ní ọjọ́bọ̀, kí n sì mú géèjì tó parí sí 30 yẹn dání.